Àyà Ta Ló Ń Já?

Nígbà tí ìjọba ti àwọn ilé ìjọsìn pa nítorí kòrónà, inú Díkìnì Olúgbóyèga Ọláoyè dùn díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní gbà bí ẹ bá bi í. Kì í ṣe pé ó fẹ́ kí àìsàn mú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, kò sẹ́ni tó ń dúró de àṣẹ rẹ̀ mọ́. Kọ́ládé ọmọ rẹ̀ wà ní Kánádà, orí fóònù ló ti ń bọ̀wọ̀ fún un. Bernice ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "mo ti gbọ́, Bàbá Kọ́ládé" kí èèyàn sì lọ ṣe ohun tó wù ú. Àfi ìgbà tí kónílé-ó-gbélé dé, tí pásítọ̀ ní kí àwọn ará ìjọ tó wà ní Festac àti agbègbè rẹ̀ máa pàdé àdúrà lórí fóònù láràárọ̀. Díkìnì ni wọ́n fi ṣe olórí ìpàdé náà, bó ṣe tún padà di ọ̀gá nìyẹn.

Ó mú iṣẹ́ náà ní òkúnkúndùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti wẹ̀, tó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, tó jókòó sí pálọ̀, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń rí i. Òun ló ń pe ẹni tí yóò kọrin. Òun ló ń sọ fún ẹni tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ń ti ilé rẹ̀ wá pé kó pa ohùn fóònù rẹ̀. Kókó ìwàásù rẹ̀ kò sì yí padà: ọmọ Ọlọ́run kì í bẹ̀rù, ẹni tó bá ń bẹ̀rù ló ń ṣílẹ̀kùn fún kòrónà. Ó fẹ́ràn bí ohùn rẹ̀ ṣe ń dún nígbà tó bá sọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ohun tó fẹ́ kí wọ́n gbàdúrà lé lórí. Obìnrin kan dáhùn láti Kuje tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Festac. Sísítà Ẹ̀bùnlọlá ni, opó kan tó ń ránṣọ, tó ń dá gbé yàrá kan látìgbà tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ti lọ sílé ọkọ ní Jos. Kì í sábà sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi gbàdúrà," ó ní. "Àyà mi ń já."

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tí ẹ̀rù bá bà, àyà rẹ̀ á já. Díkìnì kò béèrè ohun tó ń já a láyà, kò béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, kò tilẹ̀ béèrè bóyá ó ti jẹun. Ká sọ tòótọ́, ó ti pẹ́ tó ti ń wá ẹni tí yóò fi kọ́ àwọn yòókù lẹ́kọ̀ọ́.

"Sísítà, má sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn láàárín wa mọ́," ó ní. "Ẹni tí àyà ẹ̀ bá ń já ò tíì gba Ọlọ́run gbọ́. Kọ́kọ́ lọ ronú pìwà dà ná, kó o tó wá bá wa gbàdúrà."

Àwọn kan ṣe àmín. Ẹ̀bùnlọlá ní "Ẹ ṣé, sà," ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ. Láti ọjọ́ náà ni kò ti wọlé sí ìpàdé orí fóònù mọ́. Díkìnì rí i pé kò wá, ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìbáwí ti wọ̀ ọ́ lára nìyẹn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí omi ẹ̀rọ ilé wọn dá, tó di pé wọ́n ń pọn omi nísàlẹ̀. Díkìnì gbé kẹ́ẹ̀gì kan, ó ń gun òkè lọ sí fúláàtì wọn. Ó ti gun àtẹ̀gùn náà dé ìdajì kí àyà rẹ̀ tó já. Ó já wìì, ó dúró, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láìlétò, bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tàsé nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, ó di ògiri mú. Nígbà tó yá, ó rọlẹ̀. Ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, kò rí ẹni tó rí i, ó sì dúpẹ́ pé kò sẹ́ni tó rí i.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé ẹ̀rù ló ń bà á. Ojú tì í. Ó wá inú ara rẹ̀ títí bóyá yóò rí ẹ̀rù náà níbì kan. Ṣé kòrónà ló ń bẹ̀rù ni? Àbí ikú? Kò rí i, síbẹ̀ àyà ń já, lónìí nígbà tó bá ń wọ bàtà, lọ́la nígbà tó bá ń gé èékánná. Ó rò pé ẹ̀rù náà ti jinlẹ̀ débi pé òun fúnra òun kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé ìwẹ̀ lọ gbàdúrà, á máa da omi sílẹ̀ kí Bernice má bàa gbọ́ ohun tó ń bá wí.

Bí àyà rẹ̀ ṣe ń já sí i ni ìwàásù rẹ̀ ń le sí i. Àwọn ará ìjọ ní iná ẹ̀mí ti ń jó lára Díkìnì. Bernice kàn ń wò ó. Lọ́jọ́ tó bá a níbi tó ti di fìríìjì mú, tó bi í pé kí ló ṣe é, ó ní ooru ni. Ó jọ pé ooru tó ń mú un lọ́dún náà kò mú ẹlòmíràn ní gbogbo Amúwo-Ọ̀dọ̀fin.

Nígbà tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ tán, ilé ìwòsàn tó ń lọ ti ní kí ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò bá le dúró sílé. Ó wá forí lé fámásì Tẹjúmádé lórí 21 Road. Ọmọ àdúgbò wọn ni Tẹjúmádé, Bernice ló kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nígbà tó wà ní kékeré, Dádì ló sì ń pe Díkìnì títí di òní. Nígbà tí kòrónà dé tí àwọn èèyàn ò rí dókítà mọ́, ó bá Dókítà Akíntáyọ̀, tó mọ̀ nípa àìsàn ọkàn, ṣe àdéhùn. Dókítà á jókòó sílé rẹ̀ n'Íbàdàn, Tẹjúmádé á so fóònù kan mọ́ igi níwájú fámásì, wọn á sì máa rí ara wọn nínú fídíò. Ó tún ní ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Bí èèyàn bá gbé àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì lé e, bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù yóò máa hàn bí ìlà lórí fóònù, dókítà á sì máa rí i n'Íbàdàn lọ́hùn-ún.

Ìta gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é kí èémí àwọn èèyàn má bàa pàdé nínú yàrá. Àwọn tó ń dúró wà lórí ìlà, kálukú jìnnà sí ẹnì kejì. Nítorí náà, bí dókítà bá ti sọ̀rọ̀, gbogbo wọn ló ń gbọ́. Ẹ̀yìn Díkìnì gan-an ni Bọ̀dá Enoch wà, ẹni tó máa ń ṣe àmín jù nínú ìpàdé orí fóònù.

Dókítà kí i, ó bi í nípa oúnjẹ, ó bi í nípa oorun, ó wá béèrè pé, "Bàbá, ṣé àyà yín máa ń já?"

Díkìnì gbọ́ bí Enoch ṣe wúkọ́ díẹ̀ nínú ìbòmú rẹ̀.

"Àyà mi kì í já," ó ní, ó sì sọ ọ́ kí gbogbo ìlà lè gbọ́. "Onígbàgbọ́ ni mí."

Dókítà ní òun gbọ́. Ó ti fẹ́ máa sọ iye oògùn tí yóò lò nígbà tí Tẹjúmádé dá sí i. Ó ní gbogbo ẹni tó bá ti lé lọ́gọ́ta ọdún làwọn ń yẹ̀ wò níbẹ̀, ì báà ní ohun tó ń ṣe é, ì báà má ní. Ó na ẹ̀rọ náà sí Díkìnì, ó ní, "Dádì, ẹ kàn gbé àtàǹpàkò yín lé e, ẹ má sọ̀rọ̀." Kò sí bó ṣe fẹ́ kọ̀ ọ́ níwájú èèyàn láìjẹ́ pé wọ́n á ní ẹ̀rù ẹ̀rọ ń bà á. Ó gbé e lé e.

Dókítà tẹjú mọ́ ìlà náà. Ó ní kí ó tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ló rọra sọ fún Tẹjúmádé pé kó yọ fóònù lórí igi, kó mú Bàbá wọ inú fámásì, kó ṣí fèrèsé sílẹ̀. Díkìnì wọlé, kò wo ojú Enoch.

"Bàbá, ẹ má bínú, irọ́ lẹ pa fún mi," ni Dókítà Akíntáyọ̀ wí, kò sì fi ìbínú sọ ọ́. "Àyà yín ń já. Mo ń wò ó níbí. Kì í ṣe ẹ̀rù, àìsàn ni. Ọkàn yín ò lù bó ṣe yẹ kó máa lù."

Ó ṣàlàyé fún un. Ó ní nígbà tí ọkàn bá ń lù láìlétò báyìí, ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú rẹ̀, èyí tó bá dì lè gba inú iṣan lọ sí ọpọlọ, èèyàn á sì jí lọ́jọ́ kan láìlè gbé apá àti ẹsẹ̀. Ó ní oògùn wà fún un, Tẹjúmádé yóò fún un ní díẹ̀ ná, wọ́n á sì bá a wá ilé ìwòsàn tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Díkìnì ń mi orí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wọ̀ ọ́ létí nínú gbogbo rẹ̀: kì í ṣe ẹ̀rù. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Dókítà kò tíì parí. Ó ní òun bẹ̀ ẹ́, gẹ́gẹ́ bí àgbà ìjọ, kó bá òun sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀. Ó ní ohun tó ń pa aláìsàn ọkàn nílẹ̀ yìí ni pé bí ẹnì kan bá ní àyà òun ń já, ṣe ni wọ́n á ní kó má bẹ̀rù. "Bí ẹnikẹ́ni bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, sà, ẹ ní kó wá sọ́dọ̀ wa. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́."

Ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu Díkìnì. Ẹ̀bùnlọlá ló wá sí i lọ́kàn, àti bó ṣe ní "Ẹ ṣé, sà." Ó yẹ kó sọ orúkọ obìnrin náà níbẹ̀ yẹn, kí Tẹjúmádé sì wá a lọ lọ́jọ́ náà. Kò sọ ọ́. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á béèrè ohun tó fi dá obìnrin náà lóhùn nígbà tó sọ fún un, kò sì sí bí yóò ṣe sọ ìyẹn fún ọmọ tí wọ́n bí lójú rẹ̀. Ojú tì í débi pé kò lè gbé orí sókè. Tẹjúmádé rò pé àìsàn ló já a láyà, ó fa àga fún un, ó ní kó mumi.

Ó gbé oògùn délé, ó sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n kò lè sùn dáadáa. Bó bá ti fẹ́ gbàgbé, á rò ó pé bóyá báyìí ni ẹ̀jẹ̀ ń dì lọ́kàn Ẹ̀bùnlọlá, pé òun ló yẹ kó dá a dúró, òun náà ló lé e lọ. Láàárọ̀ nínú ìpàdé, á ní òun fẹ́ ṣe ìkéde kan. Àwọn èèyàn á dákẹ́, á wá ní kí wọ́n máa fọwọ́ dáadáa. Lọ́jọ́ kan ó pe nọ́ńbà obìnrin náà, ó pa á kó tó dún dáadáa. Ẹ̀bùnlọlá rí i, ó pè é padà. Díkìnì jókòó, ó ń wo orúkọ rẹ̀ lójú fóònù títí ó fi dákẹ́. Ọkùnrin tó lé ní àádọ́rin ọdún, tó ń sá fún ipè fóònù aránṣọ.

Ẹ̀wà ni Bernice ń ṣà nígbà tó lọ bá a ní kíṣìnì, tó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: àtẹ̀gùn, ilé ìwẹ̀, ohun tí dókítà wí, àti Ẹ̀bùnlọlá. Ó ń retí kó bú òun. Bernice ṣà ẹ̀wà díẹ̀ sí i kó tó sọ̀rọ̀.

"Èmi náà wà lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn," ó ní. "Mo ṣe àmín."

Bernice gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù, ó ní kó wọ bàtà.

Tẹjúmádé ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wọn, torí òun ní ìwé àṣẹ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Bernice ti sọ fún un lórí fóònù pé obìnrin kan wà tí àyà rẹ̀ ń já, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ọkọ̀, Díkìnì ń to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Yóò ní òun kò mọ̀. Yóò ní àìsàn ni, òun rò pé ẹ̀rù ni, kí Ẹ̀bùnlọlá má bínú. Bó ṣe ń tún un sọ nínú ara rẹ̀ ni ara ń fúyẹ́ díẹ̀. Àṣìṣe ni. Ta ni kì í ṣàṣìṣe?

Nígbà tí wọ́n dé Kuje, iwájú yàrá rẹ̀ ni wọ́n bá Ẹ̀bùnlọlá, ó ń fi àjákù ańkárá rán ìbòmú. Ó ti rù ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Bó ṣe rí Díkìnì, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú pé òun kò tíì padà sí ìpàdé. Tẹjúmádé ní kó dìde, ó gbé fóònù dúró sórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Dókítà Akíntáyọ̀ kí i, ó bi í bóyá àyà rẹ̀ máa ń já.

Ẹ̀bùnlọlá wo ojú Díkìnì kó tó dáhùn.

"Rárá o, dókítà," ó ní. "Ó máa ń já tẹ́lẹ̀. Mo ti ronú pìwà dà."

Tẹjúmádé yíjú sí Díkìnì, ó wá yé e. Díkìnì ti mọ̀ pé ojú yóò ti òun, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé yóò tó báyìí. Ó sọ ọ̀rọ̀ tó tò sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó sọ ọ́ sókè kí dókítà náà lè gbọ́. Ó ní òun ṣàṣìṣe, pé kì í ṣe ẹ̀rù, pé àìsàn ni, pé ti òun náà ń já, oògùn lòun sì ń lò sí i. Ó ní kó dárí ji òun, kó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ náà, nítorí Ọlọ́run.

Ẹ̀bùnlọlá gbé àtàǹpàkò lé e. Dókítà ní kó tún un ṣe, ó tún ní kó rìn lọ rìn bọ̀ nínú àgbàlá, kó wá tún un ṣe. Ó bi í ìgbà tó máa ń já jù. Ẹ̀bùnlọlá ní bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni, tí òun bá gbọ́ tí àwọn ará yàrá kejì ń wúkọ́. Bí ọmọ òun bá wà lórí fóònù pẹ̀lú òun, kì í já.

"Ọkàn yín ń lù dáadáa, Mà," ni dókítà wí. "A ó tún un wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, torí kó lè dá wa lójú. Ṣùgbọ́n mi ò rí àìsàn kankan níbí."

Bernice ní Ọlọ́run ṣeun. Tẹjúmádé ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀bùnlọlá nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn. Ó yọ ọwọ́ lórí ẹ̀rọ náà bí ẹni tí wọ́n ká nǹkan mọ́ lọ́wọ́, ó sì tún kúnlẹ̀.

"Ẹ̀rù náà ni nígbà yẹn, sà," ó sọ fún Díkìnì. "Ẹ ò ṣàṣìṣe. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Gbogbo àlàyé tí Díkìnì gbé wá láti Festac wó lulẹ̀ níbẹ̀. Kò sí àìsàn tí yóò sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Obìnrin yìí ti sọ ohun tó ń ṣe é gan-an, òun sì gbọ́ ọ dáadáa, síbẹ̀ torí ìyẹn ló ṣe lé e lọ. Ó wò ó lórí ìkúnlẹ̀ níbi tó ti ń bẹ òun, ó sì béèrè ohun tí kò béèrè lọ́jọ́ náà.

"Ẹ̀bùnlọlá, kí ló ń bà ẹ́ lẹ́rù?"

"Kí n má kú sínú yàrá yìí, sà, kó má sẹ́ni tó máa mọ̀," ó ní. "Mo ní bí mo bá ṣáà ti ń wà lórí fóònù láràárọ̀, ọjọ́ tẹ́ ò bá gbóhùn mi, ẹnì kan á wá kanlẹ̀kùn. Ìgbà tí mo wá kúrò..." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú rẹ̀ lábẹ́ ìbòmú. "Kò sẹ́ni tó wá kanlẹ̀kùn, sà."

Bernice yíjú sí ògiri. Díkìnì la ẹnu láti gbàdúrà, torí ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀rọ̀ kan tó lè sọ níwájú obìnrin náà tí ojú kò ní tún tì í. Ó pa ẹnu dé. Ó ní kó dìde, ó fa bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́bàá ògiri síbi tí kò ti ní sún mọ́ ọn jù, ó jókòó. Nígbà tó yá, Tẹjúmádé ní kí àwọn máa lọ, pé àwọn aláìsàn ti ń dúró de òun ní fámásì. Díkìnì ní kí wọ́n máa lọ ná, òun ṣì wà níbí.